Irọ́ Mẹ́ta Tí Élodie Pa Nípa Yunifásítì

Lọ́dún tí Élodie Lanteigne wà ní kíláàsì àṣekágbá, kò sí ilé kan létí òkun wa níbí tí wọn kò ti mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ohun tí ilé kan mọ̀ kò bá ti ilé kejì mu. Ní ilé-iṣẹ́ tí Rachelle ìyá rẹ̀ ti ń yọ ẹran akàn kúrò nínú èèpo, gbogbo obìnrin tó dúró nídìí tábìlì ló ti gbọ́ pé Élodie ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Moncton. Ní èbúté, Rhéal bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ọlọ́kọ̀ pé ìlú Rimouski lọmọ òun ń lọ, pé ìmọ̀ nípa òkun ló fẹ́ kọ́, kí ẹnìkan nínú ìdílé àwọn lè mọ ibi tí akàn máa ń sá lọ lọ́dún tí wọn ò bá rí i pa. Mémère, ìyá bàbá rẹ̀, ti ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ pé ọmọ-ọmọ òun máa di tíṣà.

Ẹnu Élodie kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde.

Kì í ṣe ọmọ tó ń purọ́ tẹ́lẹ̀. Yunifásítì mẹ́ta ló gbà á wọlé, inú rẹ̀ sì dùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Bí ẹnìkan bá ti ní, "Èwo lo wá mú?" àyà rẹ̀ á já, ọwọ́ rẹ̀ á tutù, á sì yára sọ èyí tó máa mú kí ojú oníbèérè tàn. Onítọ̀hún á gbá a mọ́ra, á lọ, Élodie á sì rí èémí mí títí ẹlòmíì á fi dé. Tó bá ku òun nìkan tó wá bi ara rẹ̀ pé kí lòun fẹ́ gan-an, kì í gbọ́ ìdáhùn kankan. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà á jù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn àwọn ń fà sí nǹkan báyìí báyìí. Ọkàn tirẹ̀ kò fà síbì kan.

Yvan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nílé tó ń rí lójoojúmọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Yvan lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Québec. Gbogbo àdúgbò ló wá sìn ín, wọ́n jẹ fricot, ọbẹ̀ adìyẹ ilẹ̀ wa, wọ́n ta gìtá, bàbá wọn mutí yó ó sì sunkún. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́ tán, Yvan ti padà dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bàbá nà bàtà onírọ́bà sí i, Yvan wọ̀ ọ́, ó sì wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹnjiníà ní èbúté. "Ẹnjiníà, fa okùn yẹn!" "Ẹnjiníà, ṣé o ti ṣírò rẹ̀ kó o tó jù ú sómi?" Yvan máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Élodie, tó ṣì kéré nígbà náà, wo gbogbo rẹ̀, ó sì fi sọ́kàn pé ẹ̀gbọ́n òun ṣi kọ́ọ̀sì mú ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ṣì í mú, wọ́n á sì fi pè é títí ayé.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé fi dé, kò lè jẹun mọ́. Irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù títí lẹ́tà á fi máa gbọ̀n lójú rẹ̀. Nígbà kan, ó ta owó ẹyọ sókè nínú ilé ìwẹ̀, ó bọ́ sí Moncton, ó bú sẹ́kún. Ó tún un ta, ó bọ́ sí Rimouski, ẹkún náà tún ni. Ó fọ ojú rẹ̀, ó jáde, ó sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ kan náà ni yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣe ọjọ́ ìkẹyìn tí èèyàn lè fèsì pé òun ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Madame Doiron, tíṣà tó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yunifásítì, ní kí oníkálukú dìde sọ ibi tó ń lọ kí àwọn yòókù lè pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn yọ̀ nìyẹn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bọ̀ láti ọwọ́ iwájú. Élodie ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà tó ń sún mọ́ ọn, ó sì dà bíi pé ẹnìkan gbé òkúta lé e láyà. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó la ẹnu, kò sí ohùn. Èémí kò wọlé, kò jáde. Ìka rẹ̀ ká kò, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì wó lu àga.

Ó dá a lójú pé ikú ni. Nínú ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù, ó di ọwọ́ Madame Doiron mú, ó ń sọ pé, "Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," kò sì mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n sọ.

Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kò sóhun tó ṣe é. Dókítà ní ìbẹ̀rù ni, pé ó ti pọ̀ jù fún un ló jẹ́ kó dá a wólẹ̀. Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ já wọlé, òórùn akàn lára rẹ̀, fìlà iṣẹ́ lórí. Bàbá tẹ̀lé e, tààrà láti inú ọkọ̀ ojú omi. Yvan di Mémère lọ́wọ́ mú wọlé.

"Ẹ má dààmú, dókítà," ni ìyá rẹ̀ wí, tó ń nu omi ojú. "Nọ́ọ̀sì lòun náà máa dà. Ó máa tó mọ irú nǹkan wọ̀nyí fúnra ẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì báwo?" ni Bàbá wí. "Rimouski ló ń lọ."

"Ta ló ń lọ Rimouski?"

"Élodie! Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi nínú ọkọ̀!"

Mémère fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dákẹ́ ariwo. Tíṣà lọmọ yìí fẹ́ ṣe. Mo ti dúpẹ́ ẹ̀ tán."

Gbogbo wọn wá kọjú sí ibùsùn. Élodie fa aṣọ ìbora bo orí.

"Élodie," ni ìyá rẹ̀ pè é, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èwo lo fèsì sí?"

"Mi ò fèsì sí ìkankan."

"Òní kọ́ ni ọjọ́ ìkẹyìn?"

"Òní ni."

Bàbá tú èémí jáde bí ẹni tí wọ́n gbá níkùn. "O fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn."

"Ṣé kí n wá padà lọ bá Ọlọ́run pé kó dá ọpẹ́ mi padà ni?" ni Mémère bèèrè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọlé, Yvan ló fi mọ́tò gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì ti ya sí èbúté, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìwọ náà fẹ́ bú mi?" ni Élodie wí.

"Èmi? Ẹnjiníà?" Yvan rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí lo rò pé ó lé mi kúrò ní Québec?"

"O ṣi kọ́ọ̀sì mú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo ṣáà mọ̀ ni."

"O ò mọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn gan-an. Mi ò kàn lè jáde nínú yàrá mọ́ ni. Ìbẹ̀rù ni, mi ò sì mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, màá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè rò pé mi ò sí ńbẹ̀. Tí Màmá bá pè, màá ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Bó o ṣe ń ṣe yẹn gẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí. Èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Mi ò mọ̀. Tí mo bá mọ̀, ṣé inú mọ́tò tó ń rùn báyìí ni màá wà? Àmọ́ má tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kò sóhun tó ń ṣe ẹ́."

Yvan rò pé òun ti tu àbúrò òun nínú. Ó mú un burú sí i ni. Títí di ọjọ́ yẹn, Élodie ti gbà pé bí òun bá ṣáà lè mú èyí tó tọ́, òun ti yè bọ́. Ó wá hàn sí i pé èèyàn lè mú èyí tó tọ́ kó sì tún padà wálé pẹ̀lú báàgì kan. Kò sí ibi tó máa sá sí.

Nígbà tí gbogbo wọn pàdé nídìí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Élodie dìde.

"Ẹ bá mi yàn án. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú èyíkéyìí, màá ṣe é. Mi ò ní ráhùn láéláé, mo ṣèlérí. Ẹ ṣáà yàn án kó tán."

"Nọ́ọ̀sì," ni ìyá rẹ̀ yára wí.

"Rachelle, rárá." Bàbá ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Mo ti yàn fún ẹnìkan rí nínú ilé yìí." Kò wo Yvan. "Èmi ni mo ní kó lọ ṣe ẹnjiníà. Nígbà tó sì dé, mi ò lè wò ó lójú. Mi ò tún un ṣe mọ́."

Yvan gbé orí sókè. "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, Bàbá."

Bàbá dìde lọ sídìí omi ẹ̀rọ, ó ṣí i, ó kẹ́yìn sí wọn, ó sì ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. 

Ibẹ̀ ni Élodie ti mú fóònù, tó sì pe Madame Doiron, lójú gbogbo wọn. Kò sọ pé ara òun ti yá. Ó ní, "Madame, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mo fẹ́ kú." Ìyá rẹ̀ bo ẹnu. Tíṣà náà bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì náà máa ń gba àwọn tí kò tíì mú ọ̀nà kan, pé wọ́n á máa tọ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀ wò fún ọdún kan. Àmọ́ ẹni tó bá gba ìyẹn ti fi àyè nọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì dájú pé á tún rí i.

"Àyè tí àwọn ọmọ míì ń wá lójú méjèèjì!" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

Élodie tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé òun gba ọdún ìtọ́wò náà, ó sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé èèyàn rẹ̀ kú. Kò sí ìtura kankan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí àkókò pípa akàn fi parí lọ́dún yẹn.

Ó lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rù náà bá a lọ. Láàárín ìgbà òtútù àkọ́kọ́, ó di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti padà wálé, ó sì tú u lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń lọ rí obìnrin kan níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Yvan sì ń pè é lóòrèkóòrè láti bi í pé, "Ṣé o ti jáde lónìí?" Tó bá ní rárá, Yvan á ní kó wọ bàtà kí òun máa gbọ́. Ní ọdún kejì, ó mú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, èyí tí kò sẹ́ni tó ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní èbúté. Kò sí ohùn kankan tó pè é síbẹ̀. Ó kàn ṣàkíyèsí pé òun máa ń gbàgbé láti bẹ̀rù tí òun bá wà nínú kíláàsì yẹn ni.

Ó ti padà sọ́dọ̀ wa báyìí, ó ń wo bí òkun ṣe ń jẹ etí ilẹ̀ wa, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn bí ilé wọn ṣe lè pẹ́ tó níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ìyá rẹ̀ ṣì máa ń sọ pé nọ́ọ̀sì ì bá dára jù. Élodie kì í jiyàn, torí kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tutù ná.