Àga Márùn-ún Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ilé rẹ̀ ti dá tó, kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ yẹ́ ẹ sí. Èmi rò pé ó ti mọ́ mi lára tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kòmu ni wọ́n bí mi sí, Kìṣí ni ọkọ mi ti wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé àwa méjèèjì dé Àgọ́-Àmọ̀dù. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ènìyàn rò pé n óò kó ẹrù mi padà sí Kòmu. N kò kó o. Ta ni mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀? Àwọn tó mọ̀ mí ti sùn, àwọn tó kù ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù fún mi. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ilé a pa rọ́rọ́, n óò sì máa gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń ró. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì mi lọ sí pápá, pẹ̀lú báńdéèjì, òwú àti ike omi tútù. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ́, n óò dì í, n óò sì máa bú u bí mo ṣe ń dì í: "Ṣé bọ́ọ̀lù lò ń gbá ni, àbí ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ?" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Kí n má purọ́, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo fi ń lọ. Ariwo wọn ni mo ń wá lọ.

Ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, mẹkáníìkì tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ló mú ìwé náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi. "Màmá, ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ń ṣe ìlú lóore la fẹ́ yẹ́ sí: ẹni tó gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àgbẹ̀ tó ń fún wa níṣu bọ́ àlejò, àti ẹ̀yin. Àga márùn-ún la máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún àwọn èèyàn yín."

Àga márùn-ún yẹn ló bà mí lẹ́rù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dá jáde lọ gba ohun ẹ̀yẹ. Bí wọ́n bá pe ènìyàn, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò sìn ín jáde. Ẹni tó bá dá jáde, àwọn tó ń wòran á máa bi ara wọn pé ṣé kò lẹ́bí ni, àbí ìwà rẹ̀ ló lé wọn.

Mo pe àkọ́bí mi ní Kánádà. "Mọ́mì, ẹ kú oríire! Ẹ ní kí wọ́n yà á ní fídíò fún wa o." Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àbújá ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ kóun wá. Mo ní kò burú. Ó burú.

Àlàájà tí ilé wa jọ fara kan ara wọn, tó ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ta ló máa sìn yín jáde? Ṣé kí n má lọ ọjà Kìṣí mọ́ lọ́jọ́ náà?"

Ìgbéraga ò jẹ́ kí n dákẹ́. "Ẹ máa lọ ọjà yín jàre. Àwọn ọmọ mi ń bọ̀." Nígbà tí ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù náà béèrè lọ́wọ́ mi, ohun kan náà ni mo sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tó di Sátidé tí wọ́n dá fún ayẹyẹ náà, mo wọ léèsì, mo wé gèlè, mo sì ti báàgì mi sábẹ́ àga nígbà tí mo dé pápá, torí n kì í lọ síbẹ̀ láìgbé e. Àga funfun márùn-ún ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èrò pọ̀, oòrùn mú. Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ṣé ẹnìkan ń bọ̀ síbí?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà, bàbá. Ẹ má bínú."

Ó lọ fara ti igi dóńgóyárò. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wá ibi ìjókòó fún aláìsàn! N kò lè wo ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Wọ́n pe ẹlẹ́kànga, àwọn ènìyàn rẹ̀ jó jáde títí eruku fi bò wọ́n. Wọ́n pe àgbẹ̀, ìdajì àdúgbò ló dìde tẹ̀lé e. Ó wá kàn mí. Ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ní, "Àwọn ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì wa ṣì wà lójú ọ̀nà. A ò ní jẹ́ kí Màmá dá jáde. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, bí àwọn ọmọ bá ti dé, a ó dá eré dúró." Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ṣakí la bá gbá. Bí ọkọ̀ kan bá ti dún lójú títì, àwọn tó wà nítòsí mi á yíjú síbẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà ń wo títì.

Abala kejì ti jìnnà nígbà tí ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ṣubú. N kò mọ ìgbà tí mo fa báàgì yọ. Mo kúnlẹ̀ tòun ti léèsì nínú eruku, mo gbé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan. Ó ti ń wú. Ó ń payín keke, síbẹ̀ ohun tó béèrè ni pé, "Màmá, ibo ni wọ́n dé? Ṣé ká ṣì máa dúró dè wọ́n?"

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Má dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni."

Mo dì í tán. Ó ní, "Ẹ fà mí dìde." Ó gbé apá lé mi léjìká, ṣùgbọ́n kò kọjú sí ibi tí àwọn tó ń sinmi wà. Ibi tábìlì ni ó ń tiro lọ, níbi tí wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ mi sí. Ariwo sọ. Wọ́n rò pé ó ń sìn mí jáde ni, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo gbé e dúró. Mo fi ọwọ́ kan gba àmì ẹ̀yẹ náà, ọwọ́ kejì wà ní ìbàdí rẹ̀ kó má baà ṣubú.

Nígbà tí mo padà síbi àga mi, mo wá bàbá arúgbó náà kí n fi àga lọ̀ ọ́. Ó ti lọ.

Ọjọ́ kejì ni Àlàájà ti ọjà dé. Ó yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Àwọn ọmọ dà? Ṣé wọ́n ti padà ni?"

"Wọn ò wá, Àlàájà. Mo mọ̀ pé wọn ò ní wá kí ẹ tó lọ."

Mo rò pé yóò káàánú mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ló bi mí.

"Ọdún mélòó la ti jọ ń gbé, Ìyá Nọ́ọ̀sì? Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn yín ni?"