Jìtá Múyì àti Ìdáhùn Àṣàkẹ́

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, kí iṣu tí mo gbìn lọ́dún yìí má ta. Òtítọ́ pọ́nńbélé ni, látòkè délẹ̀.

Ní Ẹ̀rúnmu, kò sẹ́ni tó lè fi jìtá sọ̀rọ̀ bíi Múyì. Bó bá ta okùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ẹyẹ orí igi máńgòrò á gbàgbé oúnjẹ ọmọ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ìyá rẹ̀ ló ń ta á fún. Bí màmá bá wà nídìí agbada gàrí lẹ́yìnkùlé, Múyì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi okùn pe oríkì wọn: “Àṣàkẹ́!” Màmá á dáhùn láti inú èéfín: “Hẹ̀n, ọkọ mi!” Báyìí ni tìyá-tọmọ ṣe ń kí ara wọn lójoojúmọ́.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá màmá dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ kú sí wọn lọ́fun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ṣì dá èèyàn mọ̀. Múyì ní òun mọ ohun tí òun máa fi mọ̀. Ó gbé jìtá oníná rẹ̀ àti àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó pe Àṣàkẹ́. Màmá fi ọwọ́ òsì bo etí, omi bọ́ lójú wọn.

“Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi!” Ṣeunfúnmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú màmá, fi igbe bọnu. “Nọ́ọ̀sì ní ariwo ń gún wọn lórí. Àbí ẹ fẹ́ fi jìtá pa wọ́n ni?”

Bọ́tìnnì àpótí náà ti kú tipẹ́. Ara jìtá nìkan ni wọ́n ti lè yí ohùn sílẹ̀. Múyì yí i. Ohùn rẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣókùnkùn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ kúbùsù. Màmá kọjú sí ògiri, bí ẹni pé àlejò ló ń kùn létí wọn.

“Wọn ò gbọ́ orúkọ wọn,” ni Múyì wí. “Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á gbọ́ ọ.”

Ó gbé jìtá, ó di ọ̀dọ̀ Gàfárù tó ń tún rédíò ṣe ní Alákìá, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Gàfárù tú u, ó pòṣé.

“Bí o bá ti ń yí i wálẹ̀, ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sá lọ, èyí tó nípọn nìkan ló ń kù. Jẹ́ kí n la ọ̀nà ẹ̀yìn fún un.”

Ó yọ kápásítọ̀ kan, èyí tí ohùn tín-ín-rín lè gbà kọjá, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, lára rédíò tó ti kú, ó fi òjé jó o mọ́ ẹsẹ̀ bọ́tìnnì jìtá, láti ibi tí ohùn ń gbà wọlé dé ibi tó ń gbà jáde. Wọ́n dán an wò. Ó mú jù, ó ń han bí eku. Gàfárù fi rẹ̀sítọ̀ kékeré kan tì í kó lè rọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní láti dúró kí ariwo rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ: ohùn rẹlẹ̀, ó sì mọ́ gaara.

“Gàfárù, baba rédíò!”

“Yé pọ́n mi, jàre. Sáré tọ ìyá ẹ lọ.”

Nígbà tó délé, ẹsẹ̀ màmá ti ń tutù. Ṣeunfúnmi gbójú sókè. Múyì ò ráyè bọ́ bàtà. Ó so jìtá mọ́ àpótí ohùn, ó yí bọ́tìnnì wálẹ̀ títí ohùn fi rẹlẹ̀ bí èémí aláìsàn, ó ta okùn: “Àṣàkẹ́.” Adìyẹ dákẹ́ lágbàlá. Atẹ́gùn dúró lórí igi kòkó. Màmá yí ojú kúrò lára ògiri, ẹnu wíwọ́ náà mì.

“Hẹ̀n…”

“Ọkọ mi” ò jáde.

Múyì tún pè. Ó tún pè. Jìtá ń sọ ọ́ ketekete, kò sí ìdáhùn. Ṣeunfúnmi ló fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ó tó. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ti lọ.”

Ara ògiri ni jìtá náà wà títí dòní, bọ́tìnnì rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ náà. Bí ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bẹ Múyì pé kó ta á, á ní, “Ta ni kí n máa pè?”

Kifayah aládùúgbò wọn, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, fi etí ara rẹ̀ gbọ́ “Hẹ̀n” yẹn. Ó wà láàyè, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Ẹ̀rúnmu. Ẹ lọ bi í.