Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àgbà Ní Kí N Má Sọ

Tíṣà kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kó má dárúkọ ìgbẹ́ ní kíláàsì mọ́. Bí mo ṣe ń fi omi jafẹ́ẹ̀lì apakòkòrò fọ ṣáláńgá lọ́jọ́ náà, òórùn rẹ̀ mú mi padà sí agboolé wa ní ìlú Koko.

Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láàárín ìrun Àìlà àti Aláásárì, ìyá àgbà lọ sẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo fura pé wọ́n ń dá àkàrà jẹ. Mo yọ́ tẹ̀lé wọn, mo sì rí ohun pupa nínú póò tí wọ́n fẹ́ dà nù.

“Ìyá àgbà, kí lẹ jẹ?”

“Olófòófó, bísápù, omi ìṣápá pupa, ni mo mu. Inú ìgbẹ́ làwọn baba wa ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ló fi ń jẹ́ ìgbẹ́. Má gbé e wá síbi oúnjẹ.”

Mi ò sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ohun pupa yẹn, àìsàn tó fa ẹ̀jẹ̀ náà ló sì pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá dárúkọ ìgbẹ́, ẹ bi í bó ṣe rí.