Àmín Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bá Mi Ṣe

Ìyàwó ilé wa kan, tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà àgbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo ń wọlé bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ń ro mí, ó ní, "Ọkọ mi, Màmá ò lo oògùn wọn lónìí o. Wọ́n ní àwọn ṣàdúrà fún yín, ẹ ò ṣe àmín."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀sán ni wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àfi kí ọmọ wọn sọ fún wọn. Ọmọ ọ̀hún rèé ní Igbosere, tó ń tẹ ìwé fáwọn lọ́yà láti àárọ̀. Ni mo bá kọ ìlà àṣẹ díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ wa. Bí mo bá ti tẹ fóònù mi lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á fi ohùn mi tí mo ti gbà sílẹ̀ sọ pé, "Màmá, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín." Wọ́n rò pé èmi gan-an ni. Ta lẹ máa kí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìyá wa tí kò ní ṣàdúrà fún yín?

Kò sí agbára àríyànjiyàn lára mi. Mo fi ìlà kan kún un, kó máa dúró díẹ̀, kó ní, "Àmín o, Màmá." Mo ní kó máa ṣí kámẹ́rà pẹ̀lú, kí n lè máa rí wọn lórí fóònù mi, kí n sì máa gbọ́ wọn. Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ṣàdúrà, ó ṣe àmín, wọ́n gbé oògùn mì.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò ṣàdúrà. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, oògùn wà lọ́wọ́ wọn. "Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Àmín o, Màmá."

Wọ́n dá oògùn padà sínú páálí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, aláàmín. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi, tó bá dé, màá lò ó."

Mo fi ìwé lọ́yà sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ gba Ìdúmàgbò kọjá nínú oòrùn. Bí mo ṣe délé, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n ṣàdúrà títí, mo ṣe àmín títí, kí wọ́n tó fi omi gbé e mì.

Ọ̀sán mìíràn ti tún dé báyìí. Orúnkún mi wú, ìwé kún iwájú mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, bó bá ṣe ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ẹ máa dìde?