Ìṣẹ́jú Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ Ẹlẹ́rìndòdò

Ohun pàtàkì kan wà tó yẹ kí gbogbo ayé kọ́kọ́ mọ̀ nípa Dókítà Orest Hrynchuk: kì í bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn. Bó bá ń wẹ̀, ó wà níbẹ̀. Bó bá ń jẹ píérógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ọ̀dùnkún bọ̀ nínú, tí Darlene ìyàwó rẹ̀ sè, á jù ú sẹ́yìn ọrùn kó má baà kó sínú wàrà kíkan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn pàápàá, abẹ́ táì ló wà. Àlùfáà ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Fèrè họ́kì ni. Ní ìlú wa yìí, láàárín oko àlìkámà Saskatchewan ní Kánádà, ẹni tí kò bá mọ họ́kì gbá lórí yìnyín, kó yáa mọ̀ ọ́n wò. Dókítà ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní gbogbo Sátidé. Ọmọ tó bá fi ọ̀pá kọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, fèrè á dún: "Ìṣẹ́jú méjì!" Ọmọ náà á lọ jókòó sínú àpótí ẹlẹ́ṣẹ̀ létí pápá, ojú á tì í, á sì jáde bí ọmọlúàbí. Torí èyí la ṣe fẹ́ràn Dókítà.

Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó gbé fèrè náà lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọsibítù wa, nọ́ọ̀sì tó bá pẹ́ dé, dókítà kékeré tó bá gbàgbé orúkọ oògùn, fèrè á dún fún un níwájú aláìsàn: "Ìṣẹ́jú méjì!" Ẹni náà á lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò, títí wọ́n á fi pè é. Gbogbo èèyàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Marlene Fehr, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. Dókítà gbà pé láti ibí dé Regina, kò sí ọsibítù tó láyọ̀ tó tiwa.

Lọ́jọ́ kan, Rowena Dimaculangan, nọ́ọ̀sì tó ti Philippines wá tó sì ti di ará ilé wa, rí i pé oògùn tí Dókítà kọ fún bàbá arúgbó kan ti pọ̀ jù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún èyí wò?"

Fèrè dún. "Ó ń bá rẹfirí jiyàn! Ìṣẹ́jú méjì!"

Rowena jáde. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Dókítà tún ìwé náà wò, ó dín oògùn kù bí Rowena ṣe wí, ó sì gbàgbé Rowena síta. Ìgbà tó ń lọ jẹun ọ̀sán ló bá a níbẹ̀.

"Àbí ìwọ ò mọ aago wò ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹjọ́ sùn, àwọn aláṣẹ ọsibítù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orest, lọ bẹ̀ wọ́n," Darlene wí.

"Kí n bẹ ta ni? Àwọn tó ń fẹ̀rín pa ara wọn?"

"Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tó o bá fọn ọ́n mọ́ mi nídìí sítóòfù."

"Ṣé ìwọ náà wá rí i!"

Darlene padà sídìí àwo tó ń fọ̀.

Dókítà pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́ ọ ní yàrá ìpàdé ọsibítù, Ìyáàfin Thorvaldson ni alága wọn. Marlene ni Dókítà fúnra rẹ̀ pè wá jẹ́rìí.

"Nọ́ọ̀sì Fehr, ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín?" alága bi í.

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mà."

Dókítà mi orí bí ẹni tó ti wọlé ìbò.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Marlene wo bàtà rẹ̀. "Kò sí, mà. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, Dókítà á fi ìṣẹ́jú méjì ta òun náà lọ́rẹ ni."

Alága kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kan Rowena. Ó gbé àpò kan sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó agolo ẹlẹ́rìndòdò jáde. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí níbẹ̀.

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi máa ń wá kí aláìsàn. Wọ́n á ní, 'Rowena, kí lò ń ṣe níbí?' Ṣé kí n wá sọ pé wọ́n ní kí n dúró síta bí ọmọdé ni? Mo máa ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí ni. Ẹni tí òùngbẹ bá sì ń gbẹ, ó yẹ kó ra nǹkan." Ó ṣì ń tò wọ́n. Ìgbìmọ̀ kó ìwé wọn sẹ́yìn kí àyè lè gba agolo. "Èmi kì í mu ẹlẹ́rìndòdò rárá."

Dókítà wo àwọn agolo náà. Ó fọwọ́ kan fèrè, ó sì rọra tì í sínú ṣẹ́ẹ̀tì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀ ká fi jíròrò," alága wí.

Kò sí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Dókítà dúró tì í. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kọjá, ó wo ilẹ̀. Walt Pruden, àgbẹ̀ tí Dókítà tún egungun ìbàdí rẹ̀ tò, ló tún yọ.

"Kóòṣì wa! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Ojú Dókítà pọ́n dé etí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò. "Òùngbẹ ni, Walt. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Ó fowó sí ẹ̀rọ, agolo já bọ́. Walt kò kúrò níbẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé ó mu ún.

Ìgbà tí wọ́n pè é wọlé, kò jẹ́ kí alága lanu. "Mo fa ẹjọ́ mi sẹ́yìn." Ó kọjú sí Rowena. "Nọ́ọ̀sì Dimaculangan, ẹ forí jì mí." Ó ṣi orúkọ náà pè. Rowena kò tún un ṣe.

"Mo gbọ́, Dókítà," ó ní. Kò sọ pé ó ti tán.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, Ìyáàfin Thorvaldson gbé e mì, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Fèrè wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná Darlene báyìí. Dókítà ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí ọmọ bá la ọmọ mìíràn lẹ́sẹ̀, á ní, "Rọra, ọmọ mi." Wọ́n ń la ara wọn bí igi ìdáná, wọn kò sì tíì borí nínú ìdíje kankan látìgbà tí yìnyín ti dì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa òbí lọ bá Darlene pé kó bá wa gbé fèrè náà fún ọkọ rẹ̀ padà. Ó ní kò burú, kí ẹnì kan nínú wa kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Rowena.

Ẹ̀yin ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ta ni ká rán?