Ẹ̀bẹ̀ Tí Ìyá Aránṣọ Kọ́ Abẹ́rẹ́

Ìyá Aránṣọ kì í gba owó lórí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ wà nílé, ìyẹn ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń dún bí eyín arúgbó nínú òtútù. Èyí tó ń ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ajókòótini làwọn èèyàn ń pè wọ́n. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ tí kò lẹ́nìkan, ọ̀kan nínú wọn á lọ jókòó tì í títí ẹjọ́ á fi parí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá jókòó ti ọmọ kò gbọdọ̀ bi í pé, "Kí lo ṣe?" Ti lọ́yà nìyẹn.

Ọlọ́pàá ti mú ọmọ Ìyá Aránṣọ náà rí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Kò sí ẹni tó jókòó tì í, inú àtìmọ́lé ló sì kú sí. Nígbà tí ìyá lọ gba òkú, ọlọ́pàá kan ní alágídí ni ọmọ náà, ká ní ó bẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni, ilé ni ì bá wà. Ọ̀rọ̀ yẹn há Ìyá Aránṣọ lọ́fun bí eegun ẹja: kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀.

Ọmọ tó kàn án lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ni. Fóònù oníbàárà pòórá ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ ní ọmọ náà ló jí i. Wọn ò bá nǹkan kan lára rẹ̀. Ó tín-ín-rín débi pé Ìyá Aránṣọ sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì ní òun ò bí olè.

Ọlọ́pàá obìnrin tó ń ṣọ́nà á ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ tún dé? Ṣé ẹ fẹ́ rán ara yín mọ́ bẹ́ǹṣì yìí ni?" Òun náà á fèsì pé bí bẹ́ǹṣì ọ̀hún bá ṣeé rán ni, òun ì bá ti lẹ̀ ẹ́, kó yéé fa yẹ̀rì òun ya.

Lọ́yà ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà Ọ̀fẹ́, ti kìlọ̀ fún Abẹ́rẹ́: bí adájọ́ bá bi í, "Mi ò jẹ̀bi" ni kó wí, kó sì panu mọ́. Bó bá wí bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń lọ títí wọn á fi gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀, ilé àtúnṣe, níbi tí wọ́n ń ti àwọn ọmọ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Abẹ́rẹ́ yíjú sí i. Ó ní, "Màmá, tí adájọ́ bá wá bínú sí mi ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ kò dúró rò ó. Ẹnu ìyá ló fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu ẹgbẹ́. "Bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ẹnu téèyàn fi ń bẹ̀ kì í ya. Má ṣagídí o."

Nígbà tí wọ́n wọlé, adájọ́ ka ìwé, ó wúkọ́, ó gbójú sókè, ó bi Abẹ́rẹ́ bóyá ó jẹ̀bi. Kò bínú. Ojú rẹ̀ kàn le bí ojú ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ rí ojú yẹn, gbogbo ohun tí lọ́yà kọ́ ọ fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ dárí jì mí. Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Akọ̀wé ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà Ọ̀fẹ́ dìde, ó ní ẹ̀rù ló ba ọmọ, ẹni tó bẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́. Adájọ́ ní ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ní òun ò ní í ṣe mọ́? Ó sọ ọ́ sílé àtúnṣe fún ọdún kan.

Lọ́yà ní òun á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò wojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n jẹ́ kí Ìyá Aránṣọ sún mọ́ ọmọ náà lẹ́nu ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ń wò ó bí ọmọ tó fọ́ àwo ṣe ń wo onílé.

"Màmá, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n bẹ̀ ẹ́. Bóyá mi ò bẹ̀ ẹ́ dáadáa ni."

"O bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èmi ni mo ṣì ẹ́ lọ́nà. Kò yẹ kó o bẹ ẹnikẹ́ni. O ò jí nǹkan kan."

Ọmọ náà dúró, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀.

"Àṣé ẹ mọ̀," ló wí. "Mo rò pé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni."

Wọ́n ní kó wọlé.