Ẹ̀jẹ̀ Tí Ẹ̀rọ Rí

Òórùn tsire, ẹran súyà àwọn Hausa, tí wọ́n ń yan lẹ́bàá France Road ní Kano kò yàtọ̀ sí ti ìgbà èwe wa. Owó rẹ̀ ló di nǹkan mìíràn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, náírà kan á bọ́ àwa ọ̀rẹ́ méjì yó. Lónìí, ẹgbẹ̀rún náírà kò kún ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi, oníṣòwò aṣọ, ló máa ń sanwó nígbà náà, á sì máa fi mí ṣẹ̀sín pé tíṣà kì í lówó lọ́wọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó sì fi orí gbá sìmẹ́ńtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó kírun. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, orí ń fọ́ ọ débi pé kò lè wo oòrùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Airport Road, wọ́n sì ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Dókítà tó máa ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti fi àìmọye àwòrán ọpọlọ kọ́, bí a ṣe ń fi wàláà kọ́ ọmọ kéwú, títí ó fi dá ẹ̀jẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀. Kí a tó jókòó dáadáa, ó ti fi àwọ̀ pupa yí ibì kan ká lórí àwòrán náà.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kano, pe àwa méjèèjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ wọn. Mo ti pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ dìde."

"Ọmọ mi, má sọ ọ́ létí rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ̀rù á pa á kí ẹ̀jẹ̀ tó pa á. Ibà ni kí o pè é."

Ẹ mọ àṣà wa: a kì í la àìsàn ńlá mọ́ aláìsàn lójú. Ọmọ náà wo ewú orí wa, ó wolẹ̀, ó sì lọ sọ ohun tí àgbà ní kó sọ.

"Ibà lásán?" Inú ọ̀rẹ́ mi dùn. "Ẹ̀yin arúgbó yìí, ẹ ti fẹ́ sin mí láàyè! Ẹ jẹ́ n lọ kírun Jímọ̀."

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n fà mí lọ́wọ́ jáde. A sáré lọ wá dókítà kó wá dá a dúró. Kí a tó padà, ó ti wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ. Ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́.

Ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n sọ ohun tó sọ, mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé ẹ̀rọ ríran la egungun orí kọjá, ó rí òótọ́, àwa tí a jẹ́ ẹni rẹ̀ kò sì lè gbé òótọ́ náà dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ríran dáadáa mọ́. Dókítà wà, ó ti bímọ. Èmi náà nìyí. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún nìkan ni kò sí.